Ẹ Má Kí Ẹni Tó Ń Ki Kátíríìjì: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín Lórí Ẹ̀rọ Túrẹ́ẹ̀tì

Láti ìgbà tí mo ti mẹ́nu ba tábìlì tí mo ti ń ki kátíríìjì nínú gáréèjì mi ní Houston, lẹ́tà ò dá mọ́. Mo mú mẹ́fà nínú wọn. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí orúkọ. Odidi rẹ̀, bó ṣe wà nínú páálí, ni mò ń pè ní kátíríìjì. Ọta ni orí tó ń fò jáde. Èèpo idẹ ni ara rẹ̀ tó ń kù sílẹ̀ lẹ́yìn tí ìbọn bá dún. Ẹ̀tù ni ohun tó ń jó nínú rẹ̀. Práímà ni ife kékeré tó wà nídìí èèpo, tí abẹ́rẹ́ ìbọn ń gún kí iná tó ràn. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá yìnbọn tán lè ṣa èèpo rẹ̀ nílẹ̀, kó fún un ní práímà, ẹ̀tù àti ọta tuntun, kó sì tún un yìn. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní reloading. Single-stage, túrẹ́ẹ̀tì àti progressive jẹ́ oríṣi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é. Ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ìbọn lè ṣe é nílé ara rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀, bó bá jẹ́ pé fún ara rẹ̀ ló ń ṣe é. Bó bá fẹ́ fi ṣòwò, ó di dandan kó gba láísẹ́ńsì. Òfin ìpínlẹ̀ tún lè le ju ìyẹn lọ, kí kálukú yẹ ti ìpínlẹ̀ tirẹ̀ wò.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọmọ ọdún 34 ni mí, mo ti gba ìwé ọmọ ìlú níbí. Rìfọ́fà .38 Special ni mo ní, ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń lọ sí pápá ìyìnbọn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra progressive. Ẹni tó ń tajà ní single-stage ló yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin sọ pé túrẹ́ẹ̀tì lẹ fẹ́ràn. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ọmọ Ọdẹ, Katy, Texas.*

Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó parọ́ fún ọ nínú wọn. Ohun tí wọn ò bi ọ́ ni iye kátíríìjì tí ò ń yìn lóṣù, àti bóyá o lè jókòó fún wákàtí kan gbáko láìfọwọ́ kan fóònù.

Single-stage jẹ́ ẹ̀rọ oníhò kan, dáì kan ṣoṣo ló ń gbà. Dáì ni irin tí a ń dè sínú ihò ẹ̀rọ, tó ń ṣe iṣẹ́ kan lára èèpo. Bí o bá ní àádọ́ta èèpo, wàá fi dáì àkọ́kọ́ ṣe gbogbo wọn, wàá tú u, wàá de ìkejì, wàá sì tún bẹ̀rẹ̀ látorí èèpo kìíní. Ó dára fún ẹni tó ń ki ogún kátíríìjì ràífù de ìgbà ọdẹ àgbọ̀nrín. Progressive yàtọ̀ pátápátá. Bí gbogbo ojú rẹ̀ bá ti ní èèpo, ìgbàkígbà tí o bá fa ọwọ́ rẹ̀, odidi kátíríìjì kan á já bọ́. Ó yá púpọ̀, àmọ́ nǹkan mẹ́rin tàbí márùn-ún ló ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ojú méjì péré sì ni Ọlọ́run fún wa.

Àárín méjèèjì ni túrẹ́ẹ̀tì wà. Orí rẹ̀ dà bí ọmọrí ìkòkò tí wọ́n lu ihò yíká. Dáì kọ̀ọ̀kan ti jókòó sínú ihò tirẹ̀, o ti ṣe ìwọ̀n rẹ̀ tán, o ò sì ní tú u mọ́. Èèpo kan ṣoṣo ló máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. O fa ọwọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀, o dá a padà sókè, orí á yí, dáì tó kàn á bọ́ sójú èèpo. Lórí ẹ̀rọ oníhò mẹ́rin, fífà mẹ́rin ni kátíríìjì kan, fífà igba ni àádọ́ta. Lee ní Wisconsin ń ṣe irú èyí tí ọ̀pá kan tó lọ́ bí okùn ń yí orí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Redding ní New York ń ṣe èyí tó ní ihò méje, tó jẹ́ pé ọwọ́ lo máa fi yí i. Lyman náà ń ṣe tirẹ̀. Iṣẹ́ irin ni mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣe ní ìlú yìí, mo sì lè sọ fún ọ pé gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ tí a bá fún wọn ní sùúrù. Ohun tí mo fẹ́ràn lára túrẹ́ẹ̀tì ni pé èèpo kan náà ló wà níwájú mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo mọ ohun tí mo ti ṣe fún un àti ohun tó kù.

Jẹ́ kí n mú ọ gba ojú ọ̀nà rẹ̀ lọ. Nígbà tí ìbọn bá dún, iná inú rẹ̀ máa ń fẹ èèpo débi pé kò lè di ọta mú mọ́. Dáì kìíní á tẹ̀ ẹ́ padà sí ìwọ̀n rẹ̀, abẹ́rẹ́ àárín rẹ̀ á sì ti práímà tó ti jó jáde. Ra dáì tó ní carbide, ohun líle tó ń jẹ́ kí èèpo yọ̀ wọlé. Èèpo tó dúró gbọọrọ bíi ti .38 ò ní nílò òróró nínú rẹ̀. Tí èèpo ràífù tó ní ọrùn bíi .30-06 bá wọ dáì láìní òróró, ó máa há síbẹ̀, wàá sì fi odidi ọ̀sán yọ ọ́. Bí ọwọ́ ẹ̀rọ bá ń padà sókè, práímà tuntun á wọlé láti ìsàlẹ̀. Fi ìka kan ìdí èèpo náà. Práímà kò gbọdọ̀ yọ síta, ó gbọ́dọ̀ wọnú díẹ̀ ju ìdí èèpo lọ.

Dáì kejì ló ń la ẹnu èèpo kí ọta lè ráyè jókòó, àárín rẹ̀ náà sì ni ẹ̀tù ń gbà já bọ́ sínú. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí o dúró pẹ́.

Òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni wọ́n ṣe .38 Special jáde, nígbà tí ẹ̀tù dúdú ṣì wà lóde. Ẹ̀tù dúdú máa ń gba àyè, ìdí nìyẹn tí èèpo náà fi ga, ó jẹ́ ínṣì 1.155. Ẹ̀tù ayé òde òní, tí kì í rú èéfín, lágbára ju ìyẹn lọ púpọ̀. Bíńtín ló máa ń wà nísàlẹ̀ èèpo, òkè á sì ṣófo. Tí o bá wá gbàgbé, tí o da òmíràn lé ti àkọ́kọ́, kò ní kún dé ẹnu, kò ní dà sílẹ̀, kò sóhun tí yóò ké sí ọ. Agbára tí SAAMI, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi ìlànà lélẹ̀ fún ìbọn àti ọta ní Amẹ́ríkà, gbà fún .38 Special lásán ò ju 17,000 psi lọ (psi ni ìwọ̀n bí ohun tó ń jó nínú èèpo ṣe ń tì tó). Ti .357 Magnum, kátíríìjì mìíràn tó lágbára jù ú lọ, jẹ́ 35,000. Ìbọn tí wọ́n ṣe fún ti àkọ́kọ́ kò lè gba ìlọ́po ẹ̀tù. Ìyípo rẹ̀, ibi tí kátíríìjì ń jókòó sí, lè fọ́ mọ́ ẹni lọ́wọ́.

Nítorí náà, ra iná kékeré kan, so ó mọ́ ara ẹ̀rọ kó máa tàn sínú èèpo gan-an. Lẹ́yìn dáì kejì, kí o tó gbé ọta lé ẹnu èèpo, wo inú rẹ̀. Gbogbo èèpo ni, kì í ṣe mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí ìwé ìlànà bá fi oríṣi ẹ̀tù mẹ́ta sílẹ̀ fún ọ, mú èyí tó gba àyè jù, kí ìlọ́po rẹ̀ lè hàn sójú.

Ṣakí ni wọ́n bí mi sí. Ọdẹ ni bàbá mi, ìbọn ṣakabùlà ló ń lò, èmi ni mo sì máa ń gbé fìtílà dání fún un ní ìrọ̀lẹ́ tó bá fẹ́ ki ìbọn. Ìwo kékeré kan ló fi ń wọn ẹ̀tù. Ìwọ náà mọ bí kíkí ṣe rí nílé wa. Ẹni tí kò bá dáhùn ìkíni, ó ti wá ìjà. Ṣùgbọ́n tí bàbá mi bá ti mú ìwo yẹn dání, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ baálé àdúgbò ló wọlé. Àwọn ará ilé mọ̀. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí yóò fi gbé ìbọn náà ti ògiri, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó sọ pé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ó yé mi nígbà tí mo di àgbàlagbà níbí, ó sì ná mi ní nǹkan kó tó yé mi.

Lọ́dún 2014, mo ń ki .38 lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè láti ilé. Mo gbé e. Èèpo kan wà lórí ẹ̀rọ. Nígbà tí mo padà, mo yọ ọ́ láti wò ó, mo gbé e padà, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé n ò dìde rárá. Ní pápá lọ́jọ́ kejì, ìbọn dún gbàà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹrin dún pọ́ọ̀, bí ẹni lu ilẹ̀kùn. Ìka mi ti wà lójú ọ̀nà láti tún un fà. Ẹni tó ń bójú tó pápá ló pariwo pé kí n dúró. Nígbà tí a tú ìbọn náà, ọta há sí àárín ẹnu rẹ̀. Kò sí ẹ̀tù nínú kátíríìjì yẹn. Práímà nìkan ló tì í débẹ̀. Bí mo bá yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i, ọta kejì á bá ti àkọ́kọ́ níbẹ̀, ẹnu ìbọn á sì là. Láti ọjọ́ náà, fóònù mi kì í wọ gáréèjì. Aya mi mọ̀, àwọn ọmọ mọ̀. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Èyí tó kù ò gba wàhálà. Dáì kẹta ń ti ọta wọlé dé ìwọ̀n tí ìwé sọ, ìkẹrin ń fún ẹnu èèpo mọ́ ọn. Ti .38 fi etí ìdí rẹ̀ dúró nínú ìbọn, torí náà o lè ká ẹnu èèpo rẹ̀ wọnú ilà tó wà lára ọta. Bí o bá wá lọ sórí 9mm lọ́la, má ṣe bẹ́ẹ̀ fún un o. Ẹnu èèpo gan-an ni 9mm fi ń dúró nínú ìbọn. Fífún un díẹ̀ kó dì mọ́ ọta ti tó.

Mi ò ní kọ ìwọ̀n ẹ̀tù kankan síbí. Má sì gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀tù tàbí ọta tó wà lọ́wọ́ rẹ. Ra ìwé ìlànà méjì, kí o fi ọ̀kan wo èkejì. Ìwọ̀n tó kéré jù nínú wọn ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Òṣùwọ̀n tó péye ló sì yẹ kí o kọ́kọ́ náwó sí, kí o tó nawó sórí ẹ̀rọ. Grain ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù, 7,000 grain ló wà nínú pọ́ún kan. Ronú sí bí grain kan ṣe kéré tó, wàá mọ̀ pé ojú lásán kò lè wọ̀n ọ́n.

*Ẹ ǹlẹ́ sà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Atlanta, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Mo ti ń yin 9mm nínú ìdíje àwọn obìnrin fún ọdún méjì. Orí túrẹ́ẹ̀tì mi máa ń dúró sáàárín ihò méjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí èèpo mẹ́ta tí kò lẹ́tù nínú kí n tó gbé ọta lé e. Ṣé ẹ̀rọ mi ti bàjẹ́ ni? Àbúrò yín, Georgia.*

Àbúrò mi, mo kí ọ fún wíwò tí o wo inú èèpo. Ojú rẹ ló gbà ọ́.

Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá tó lọ́ bí okùn yẹn ń gba inú ìyípo ike kékeré kan kọjá, igun mẹ́rin ni ihò àárín rẹ̀ ní. Igun wọ̀nyẹn ló di ọ̀pá mú tí orí fi ń yí. Tí a bá fa ọwọ́ ẹ̀rọ dé àárín, tí a wá yí ọkàn padà, tí a dá a padà kó tó dé ìsàlẹ̀, ike náà ni yóò fara gbá a. Igun rẹ̀ á gbó díẹ̀díẹ̀, títí orí ò fi ní dé ojú ihò mọ́. Ike náà ò wọ́n. Ra méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀, kí o sì pààrọ̀ èyí tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, máa fa ọwọ́ ẹ̀rọ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kí o sì dá a padà dé òkè pátápátá, ní ìwọ̀n kan náà. Tí nǹkan bá há, má dá a padà tipátipá. Dúró, kí o wò ó.

Èèpo tí kò lẹ́tù tún wá láti ibẹ̀. Èèpo fúnra rẹ̀ ló ń ti ohun èlò ẹ̀tù sókè kó lè da ẹ̀tù sílẹ̀. Tí èèpo ò bá gòkè dé ibi tó yẹ, ẹ̀tù ò ní dà, tàbí kí ìdajì rẹ̀ dà. Ìdajì yìí lẹ̀rù ń bà mí sí jù, torí ojú lè rí ẹ̀tù kó sì gbà pé ó pé.

Mo ní ìmọ̀ràn kan tó lè dà bí ẹni ń padà sẹ́yìn. Yọ ọ̀pá yẹn kúrò, kí o máa fi ọwọ́ yí orí ẹ̀rọ fún oṣù kan. Fi dáì kìíní ṣe àádọ́ta èèpo, tò wọ́n sínú pátákó oníhò, lẹ́yìn náà da ẹ̀tù sínú gbogbo wọn, kí o wá gbé tọ́ọ̀ṣì, kí o wo àádọ́ta ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ga tàbí tó kéré jù á hàn kedere láàárín àwọn yòókù. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi títí dòní nìyẹn fún gbogbo kátíríìjì ràífù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí o ò bi mí. O ní iṣẹ́ alẹ́ lò ń ṣe. Ìgbà wo lo máa ń jókòó ti ẹ̀rọ yìí? Bó bá jẹ́ ní òwúrọ̀ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọsibítù ni, jọ̀ọ́, lọ sùn.

*Ẹ kú àárọ̀, Bàbá wa. Orí tábìlì tí a ti ń jẹun ni ọkọ mi ti ń ṣe iṣẹ́ ọta yìí. Ó ní kò léwu torí kò sí iná níbẹ̀. Ọmọ wa obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ìyá Ìbejì, Indianapolis.*

Ìyá Ìbejì, ọkàn yín ò tàn yín jẹ. Ẹ fún ọkọ yín ní ìwé yìí kó kà á fúnra rẹ̀.

Iná kọ́ ni mo kọ́kọ́ rò, òjé ni. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọta, àmọ́ èyí tí kì í jẹ́ kí n sùn ni òjé tó wà nínú práímà. Tí práímà bá jó, eérú rẹ̀ á kù sínú èèpo. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti práímà yẹn jáde, eérú náà á dà sórí tábìlì. Tí ó bá fi ẹ̀rọ tó ń mì yẹ̀ẹ̀yẹ̀ẹ̀, tí wọ́n ń da ṣùkù àgbàdo tí wọ́n lọ̀ sí, nu èèpo idẹ rẹ̀, eruku tó ń rú níbẹ̀ kún fún òjé. Orí tábìlì yẹn ni ọmọ á gbé búrẹ́dì lé. Òjé kì í pa ọmọ lójú ẹsẹ̀, orí àti ọpọlọ rẹ̀ ló ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ìwọ̀n kan tó dára fún ọmọdé. Láti 2021, tí òjé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá dé 3.5 máíkrógíráàmù nínú dẹ̀sílítà kan, àwọn CDC, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ìlera ará ìlú, ti ní kí dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó ti wá.

Ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé, ẹ ní kí wọ́n yẹ òjé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ má bẹ̀rù láti sọ ìdí rẹ̀. Kí bàbá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí gáréèjì tàbí yàrá tó ní ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́. Kó fi aṣọ tútù nu tábìlì, kó má gbá a. Kó máa fi ọṣẹ àti omi tútù fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn ilé. Kó má jẹun, kó má mu tíì, kó má jẹ gúgúrú níbẹ̀. Aṣọ tó fi ṣiṣẹ́, ẹ má fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ti ọmọ. Èèpo idẹ, omi àti ọṣẹ ni kó fi máa fọ̀ ọ́, eruku ò ní rú.

Nípa ẹ̀tù: inú agolo tí wọ́n fi tà á ni kó wà títí yóò fi tán. Mo mọ̀ wá. Nílé wa, agolo Bọ́ńfítà a máa di ti gààrí, ike áísìkiriìmù a sì máa di ti ọbẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀tù ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Ẹ̀tù tó yára jó àti èyí tó lọ́ra jọra lójú, ẹni tó bá pààrọ̀ wọn lè pa ara rẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí ju agolo kan lọ lórí tábìlì, ó sì gbọ́dọ̀ padà sí àyè rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kó má sùn sínú ohun èlò ẹ̀tù. Ìlànà NFPA, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà ìdènà iná ní Amẹ́ríkà, fún ilé gbígbé gba ogún pọ́ún ẹ̀tù nínú agolo rẹ̀ àti 10,000 práímà. Ẹ má sì tì í mọ́ inú sééfù irin tó dì pinpin. Bí ilé bá gbiná, ẹ̀tù tó wà ní gbangba á jó lọ, èyí tí a há mọ́ irin á bú gbàmù.

*Sà, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Denton, físà F-1 ni mo fi wọlé. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ ìlú ní túrẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n máa wá bá òun ṣe é, ká pín in. Kí lẹ rí sí i?*

Ọmọ mi, má dé ibẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀, 18 U.S.C. 922(g)(5), sọ pé ẹni tó wọlé pẹ̀lú físà tí kì í ṣe ti ìgbélé kò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ohun tí òfin pè ní ammunition lọ́wọ́. Lójú òfin yẹn, èèpo idẹ, práímà, ọta àti ẹ̀tù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń jẹ́ ammunition. Àpò práímà kan nínú yàrá rẹ ti tó láti ba ìwé rẹ jẹ́, kí wọ́n sì dá ọ padà sílé lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n. Àwọn àyàfi díẹ̀ wà, bíi ti ẹni tó ní láísẹ́ńsì ọdẹ tí ìpínlẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ọ̀rọ̀ ìgbélé ni kí o bi, má bi ọ̀rẹ́ rẹ, má sì bi èmi náà. Lọ́jọ́ tí green card bá dé, ilẹ̀kùn mi ṣí sílẹ̀ fún ọ, èmi fúnra mi ni máa kọ́ ọ.

*Bàbá, mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi ẹ̀rọ yìí ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, pẹ̀lú práímà díẹ̀, kí n máa ṣe kátíríìjì fún àwọn ọdẹ.*

Rárá o. Òfin ìbọn Nàìjíríà kò gba kí ẹnikẹ́ni jókòó sílé rẹ̀ kó máa ṣe ọta. Práímà àti ẹ̀tù kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú nínú ẹrù ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ti ọwọ́ ìbáà jẹ́ ti abẹ́ ọkọ̀. Ọmọ ọdẹ ni mí, mo mọ ìyà tí àwọn ọdẹ ń jẹ nílé, ṣùgbọ́n mi ò ní bá ọ ṣe é.

*Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n. Bàbá kan nínú ìjọ wa fún mi ní nǹkan bí igba kátíríìjì .38 tó fọwọ́ ara rẹ̀ ki, inú ike áísìkiriìmù ló wà. Bàbá náà ti darúgbó, kò rántí ẹ̀tù tó lò. Òṣùwọ̀n mi péye dáadáa. Ṣé kí n wọn ìkọ̀ọ̀kan, kí n yin àwọn tó dọ́gba? Garland, Texas.*

Àbúrò, òṣùwọ̀n yẹn ò lè ràn ọ́ lọ́wọ́ níbí. Èèpo kan lè fi grain mélòó kan wúwo ju èkejì lọ, ọta náà bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn nìkan lè tó gbogbo ẹ̀tù inú kátíríìjì .38. Èyí tó ṣófo lè wọn ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú èyí tó ní ìlọ́po.

Dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà gan-an, má jẹ́ kó mọ̀ pé o kọ ẹ̀bùn rẹ̀, kí o sì tú gbogbo wọn. Òòlù ike kan wà tí wọ́n ṣe fún un. O máa ki kátíríìjì bọ orí rẹ̀, o máa fi lu ilẹ̀ kọnkéré lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ọta á yọ, ẹ̀tù á dà sínú òòlù. Wọ awò ojú. Má fi lu èyí tó jẹ́ rimfire bíi .22, etí ìdí rẹ̀ ni práímà tirẹ̀ wà. Má pa ẹ̀tù náà mọ́, bó ti wù kó dára tó lójú rẹ. Wọ́n ọn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ sórí koríko ẹ̀yìnkùlé, ó ń ṣe koríko lóore. Ọta àti èèpo lo lè mú.

Ó máa gbà ọ́ lálẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, apá á sì ro ọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ tí ọta há sẹ́nu ìbọn mi, 146 ló kù nínú 150 tí mo ki lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi pè. Gbogbo wọn ni mo tú, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì wọn ẹ̀tù tó jáde nínú ìkọ̀ọ̀kan. Ní alẹ́ kejì, mo bá ọ̀kan tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Alẹ́ kẹta ni mo bá èyí tó ní ìlọ́po. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gba ojú mi gbọ́. Èèpo rẹ̀ wà lórí pẹpẹ gáréèjì mi títí dòní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kékeré tí mo ní kí Ọmọ Ọdẹ ra.